Láti Àkúrẹ́ dé kíláàsì másítà: ìtọ́sọ́nà fún ẹni tó fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ ìlànà ìjọba àti ìpẹ̀tù sí aáwọ̀

Ẹni tó ti gba oyè àkọ́kọ́, tó ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, tó wà ní Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀wọ̀ tàbí Ìdànrè, tó sì fẹ́ ka másítà nínú ìlànà ìjọba àti ìpẹ̀tù sí aáwọ̀, òun la kọ èyí fún. Máàkì nìkan kọ́ ló ń dá fọ́ọ̀mù ọ̀pọ̀ èèyàn padà. Wọ́n á kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé àwọn fẹ́ kí àlàáfíà jọba láyé, àwọn tó ń yẹ fọ́ọ̀mù wò sì ti ka irú ẹ̀ títí ó fi sú wọn. Aáwọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ mọ̀ tinú-tòde, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn débẹ̀ tàbí kí ẹ wọ ọ̀kadà lọ, ló ń gbé èèyàn wọlé. Ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀, ká tó dárúkọ yunifásítì kankan. Ẹ fi oṣù mẹ́rìnlá sílẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ tí kíláàsì máa wọlé; ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta ṣe é, sáré-sáré ni yóò fi kọ ibi tó ṣe pàtàkì jù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ọkàn yín fà sí

Ẹ̀kọ́ méjì ló fara kọ́ra níbí. Ká ní màlúù jẹ oko ẹ̀gẹ́ létí igbó ọba. Ẹni tó kọ́ ìpẹ̀tù sí aáwọ̀ á béèrè pé: àwọn wo lọ̀rọ̀ yìí kàn, kí ni oníkálukú ń wá, ta ni wọn ò pè síbi ìjókòó? Ẹni tó kọ́ ìlànà ìjọba á béèrè pé: òfin wo ló wà nílẹ̀, ta ló ń mú un ṣẹ, èló ni wọ́n ń ná sí i, kí ló dé tí kò ṣiṣẹ́, kí la lè fi rọ́pò rẹ̀?

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní àpẹẹrẹ tó bá méjèèjì mu. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, Rótìmí Akérédolú tó jẹ́ gómìnà nígbà náà ní kí àwọn darandaran kó kúrò nínú igbó ọba láàárín ọjọ́ méje. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, ó fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀. Àṣẹ ni ti àkọ́kọ́, òfin tó gba iwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kọjá ni èkejì. Bí ẹ bá ń ronú lórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín àṣẹ àti òfin, àti lórí ẹni tó máa mú un ṣẹ lóru nínú igbó, ìlànà ìjọba lẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ pé ohun tó ń jẹ yín lọ́kàn ni bí àgbẹ̀ àti darandaran ṣe máa tún jókòó papọ̀ lẹ́yìn náà, ìpẹ̀tù sí aáwọ̀ ni. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan pa méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo orúkọ kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó sanwó fọ́ọ̀mù. Ètò ìlànà ìjọba máa ń ní ètò ọrọ̀ ajé àti ìṣirò dátà nínú, ó sì ti ṣẹlẹ̀ pé ẹni tó ń sá fún ìṣirò láti kékeré bá ara rẹ̀ níbẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ mú aáwọ̀ kan, ẹ bó o bí àlùbọ́sà

Ẹ ya ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ fún èyí. Ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ sì yan aáwọ̀ kan: ààlà ilẹ̀ láàárín ìdílé méjì, owó ojúmọ́ ní gáréèjì, omi àgbàrá tí ilé kan ń darí sí òmíràn nítòsí odò Àlà, oyè baálẹ̀ tí ìdílé méjì ń dù. Ẹ má yan èyí tó jẹ́ ti ìdílé yín. Ẹ ti wà nínú ìjà yẹn, bí ẹ tiẹ̀ rò pé ẹ ń ṣe é bó ti tọ́, àwọn tó ń kàwé yín á rí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ dúró sí kí wọ́n tó ka ojú ewé kejì.

Ẹ bá èèyàn mẹ́fà sọ̀rọ̀ ó kéré tán: méjì ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ẹnìkan tó ti gbìyànjú láti parí ìjà náà, ẹnìkan tó kàn ń gbé àdúgbò. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá á tún fìdí rẹmi. Ẹ má béèrè pé ta ló jẹ̀bi. Ẹ béèrè pé: "Kí ló kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀? Kí ló tẹ̀ lé e? Ta lẹ lọ bá?"

Iṣẹ́ tó kù ni bíbó èèpo. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka yìí gan-an ń pè é ní àlùbọ́sà, nítorí ìpele mẹ́ta ló ní. Ẹ padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀ tí màlúù jẹ oko rẹ̀. Ohun tó ń sọ jáde ni pé: "Kí wọ́n kúrò lágbègbè yìí pátápátá." Ẹ bi í pé kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i bí wọn ò bá lọ. Ó lè sọ fún yín pé owó tí òun yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù lòun fi gbin ẹ̀gẹ́ náà, ó sì ku oṣù mẹ́ta kó tó wú. Ohun tó ń wá ti yọjú: kí gbèsè má pa òun. Ẹ fara balẹ̀ sí i, ẹ ó gbọ́ pé kò lè lọ sóko ní ìdájí mọ́, ìyàwó rẹ̀ ò sì gbà kí àwọn ọmọ tẹ̀ lé e. Ààbò ló wà nísàlẹ̀ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wá lọ sọ́dọ̀ darandaran. Ohun tó ń sọ jáde: "Láti ayé baba wa la ti ń gba ibí." Ohun tó ń wá: omi àti koríko nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí gbogbo ohun tó ní láyé ló ń fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀ yẹn. Nísàlẹ̀ pátápátá: ààbò tirẹ̀ náà, àti kí wọ́n ka òun sí èèyàn níbi tí wọ́n bí òun sí.

Ẹ fi ìlà pín ojú ewé kan sí méjì, kí ẹ kọ ìpele mẹ́ta àgbẹ̀ sí apá kan àti ti darandaran sí apá kejì. Lókè, ọ̀rọ̀ wọn ò lè pàdé láéláé. Ní ìpele kejì, nǹkan wà tí wọ́n lè jọ dúnàádúrà lé lórí: owó ìtanràn àti ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ọ̀nà tí ẹran máa gbà, ibi tó ti máa mumi. Ní ìsàlẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ojú ewé kan yìí ṣe pàtàkì ju ìwé mẹ́wàá tí ẹ kà láìlóye lọ, òun lẹ ó sì fi kọ lẹ́tà yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá òfin tó kan aáwọ̀ náà, kí ẹ ka òfin ọ̀hún fúnra rẹ̀. Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ka òfin lílo ilẹ̀ ti ọdún 1978, èyí tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà nígbà tí àwọn ìdílé ṣì ń ta ilẹ̀, tí wọ́n sì ń já ríṣíìtì. Ẹni tó fẹ́ràn ìlàjà kó ka òfin ìlàjà àti ìdájọ́ àdáni ti ọdún 2023 (Arbitration and Mediation Act), tó rọ́pò ti àtijọ́. Kò sí Yorùbá tí kò mọ̀ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òfin yẹn ló fún ọ̀nà tí kì í ṣe ti kóòtù lẹ́sẹ̀ tó dúró lé.

Ẹ wá sọ gbogbo rẹ̀ di ìbéèrè kan. Ó gbọ́dọ̀ ní èèyàn, ibi, ọdún àti ìlànà nínú. Báyìí: "Láti ìgbà tí òfin ọdún 2021 ti jáde, ọ̀dọ̀ ta ni àwọn àgbẹ̀ àti darandaran tó wà létí igbó ọba Àkúrẹ́-Òfòsù ń gbé ẹjọ́ oko tí ẹran jẹ lọ, kí ló sì ń mú kí wọ́n yan ẹni náà ju kóòtù lọ?" Bí ẹ ò bá lè sọ ìbéèrè yín ní Yorùbá kí ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba lóye rẹ̀, kò tíì ṣe tán. Gẹ̀ẹ́sì lẹ ó fi kọ fọ́ọ̀mù, a mọ̀, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bo ohun tí kò yéni mọ́lẹ̀.

Ibi tí ẹ ti lè kà á

Nílé níbí, Ìbàdàn ló sún mọ́ wa jù nínú àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Yunifásítì Ìbàdàn ní ilé ẹ̀kọ́ kan gédégbé fún àlàáfíà àti ètò ààbò, Institute for Peace and Strategic Studies. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàkà tí kò lè fiṣẹ́ sílẹ̀ lè wo NOUN, yunifásítì tí a ti ń kàwé láti ilé: wọ́n ní másítà nínú ẹ̀kọ́ àlàáfíà àti ìpẹ̀tù sí aáwọ̀, wọ́n sì ní ojúkò ní Àkúrẹ́. Ẹ má ṣe fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó máa lé yín lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè dá ka ìwé fún wákàtí méjì lójúmọ́ kó má bẹ̀rẹ̀.

Lókè òkun, Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ àlàáfíà láti ọdún 1973. Ní Jámánì, Willy Brandt School tó wà ní yunifásítì Erfurt ń kọ́ ìlànà ìjọba ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn sì lè dojú kọ ẹ̀kọ́ aáwọ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ méjèèjì pọ̀, òun la kọ́kọ́ máa ń tọ́ka sí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún kan ni másítà máa ń gbà, ọdún méjì ló sábà máa ń jẹ́ ní Jámánì àti Amẹ́ríkà. Ọdún kan yá, àmọ́ kò ní fún yín láyè láti padà wá ṣe ìwádìí nílé.

Ẹni tó ní HND tàbí third class máa nílò PGD, díplómà tí a ń gbà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́, kó tó kan másítà ní ọ̀pọ̀ yunifásítì wa. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín pé òun mọ ọ̀nà àbùjá.

Ìwé: ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù ọdún kan

Transcript ni ìṣòro àkọ́kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti jáde ló máa fi í ránṣẹ́ tààrà. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kò tó. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó sì lè gba oṣù, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà ṣáájú gbèdéke. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n á sanwó transcript kí wọ́n tó ní nọ́ńbà fọ́ọ̀mù. Ó máa dé ibi tó ń lọ, kò ní rí fáìlì tí wọ́n máa fi í sí, yóò sì jókòó sínú àpótí ẹnìkan títí ìgbà náà á fi kọjá. Ẹ kọ́kọ́ gba fọ́ọ̀mù, ẹ gba nọ́ńbà, kí ẹ wá kọ nọ́ńbà náà sára ìwé ìbéèrè transcript. Ẹ pa ríṣíìtì mọ́. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá kọjá láìgbọ́ nǹkan, ẹ pe ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbà á, kí ẹ má pe ọ̀dọ̀ àwọn tó fi í ránṣẹ́ nìkan.

Orúkọ ni ìkejì. Ẹ tẹ́ WAEC, ìwé oyè, ìwé ẹ̀rí agùnbánirọ̀, NIN àti ìwé ìrìnnà sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Adébáyọ̀ tó di Adebayor, orúkọ ọkọ tó wà nínú ọ̀kan tí kò sí nínú èkejì, ọjọ́ ìbí tó yàtọ̀: èyíkéyìí nínú wọn lè dá físà dúró. Ẹ ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù gíga, kí ẹ sì polówó àyípadà orúkọ nínú ìwé ìròyìn bó bá jẹ́ pé orúkọ yí padà lóòótọ́. Ẹ tún NIN ṣe kí ẹ tó lọ síbi ìwé ìrìnnà, nítorí inú NIN ni wọ́n ti ń fa orúkọ yọ.

Ní ti agùnbánirọ̀, bí ẹ bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ẹ jáde, ìwé ìyọ̀ǹda lẹ ó lò dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba C6 nínú Gẹ̀ẹ́sì WAEC dípò IELTS, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Èsì IELTS kì í lò ju ọdún méjì lọ.

Ẹni tó máa jẹ́rìí yín

Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yín sàn ju ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá tí kò rántí ojú yín. Ẹ kàn sí wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú gbèdéke, báyìí:

"Ẹ káàárọ̀ sà. Èmi ni ẹni tó ṣe project lábẹ́ yín ní 2019 lórí gbígba owó orí ní ìjọba ìbílẹ̀. Mo ń gba fọ́ọ̀mù másítà, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù keje ni gbèdéke rẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀ yín sà kí ẹ bá mi kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Mo ti fi èsì mi, CV ojú ewé kan àti lẹ́tà èròǹgbà mi ránṣẹ́ pẹ̀lú èyí. Bí kò bá sí àyè, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Ẹ má yọ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn kúrò. Ó ṣòro fún àgbà láti sọ pé òun ò lè ṣe é, ó sì lè dákẹ́ títí fọ́ọ̀mù á fi tì. Gbólóhùn yẹn ṣí ilẹ̀kùn fún un láti kọ̀ láìsí ìtìjú. Ẹ rán an létí nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Í-méèlì ilé-ẹ̀kọ́ ni kó fi ránṣẹ́, kì í ṣe Gmail, nítorí ìkànnì ayélujára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òkèèrè kan kì í gba Gmail. Bó bá ní kí ẹ kọ lẹ́tà náà fúnra yín kí òun fọwọ́ sí i, ẹ kọ kókó mẹ́fà péré fún un, kó fi ohùn ara rẹ̀ kọ ìyókù.

Lẹ́tà èròǹgbà

Bí wọn ò bá sọ iye, ojú ewé méjì tó. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ni aáwọ̀ tí ẹ bó. Ìkejì ni ohun tí ẹ ti ṣe nípa rẹ̀. Ìkẹta ni ohun tí ẹ ò tíì mọ̀, pẹ̀lú orúkọ kọ́ọ̀sì méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ náà tó máa kọ́ yín. Ìkẹrin ni iṣẹ́ tí ẹ máa padà wá ṣe, ní ọ́fíìsì wo, ní ipò wo.

Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ méjì yìí. Èkíní: "Láti kékeré ni mo ti fẹ́ràn àlàáfíà, mo sì gbàgbọ́ pé ẹ̀kọ́ yìí máa jẹ́ kí n tún orílẹ̀-èdè mi ṣe." Èkejì: "Nínú ọdún méjì tí mo fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, ìjà ààlà mẹ́sàn-án la gbọ́. Mẹ́fà parí níbi ìjókòó, mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Nínú mẹ́ta yẹn, kò sí ìkankan tí ẹni tó ra ilẹ̀ ti ní ìwé sọ́fè." Ẹni tó kọ èkejì kò tíì sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ rárá, síbẹ̀ a ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Bí ẹ ò bá tíì ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lọ bá ẹgbẹ́ onílé yín kí ẹ máa bá wọn kọ ìwé ìpàdé. Wọ́n ń wá akọ̀wé níbi gbogbo.

Owó

Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló bá ẹ̀ka yìí mu jù. Ti Helmut-Schmidt láti ọ̀dọ̀ DAAD, àjọ tó ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ní Jámánì, wà fún ìlànà ìjọba gan-an, Erfurt sì wà lára ibi tó bò. Oṣù kẹfà sí ìparí oṣù keje ni wọ́n sábà máa ń gba fọ́ọ̀mù. Chevening ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ṣí ní oṣù kẹjọ: ẹ gbọ́dọ̀ ní wákàtí 2,800 iṣẹ́, tó jẹ́ ọdún méjì, kí ẹ yan kọ́ọ̀sì mẹ́ta, kí ẹ sì padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ àti ọdún agùnbánirọ̀ náà lè wà nínú wákàtí yẹn, nítorí náà ẹ ṣírò ó dáadáa kí ẹ tó sọ pé ẹ ò pé. Rotary Peace Fellowship ni ìkẹta. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ Rotary àti ọmọ rẹ̀ tàbí aya rẹ̀ kò lè gbà á. Ẹni tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba kó béèrè owó TETFund, àjọ ìjọba tó ń ran ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìjọba lọ́wọ́, níbi iṣẹ́ rẹ̀ kó tó wo ibòmíràn.

Fún ẹni tó fẹ́ fowó ara rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: owó náà gbọ́dọ̀ wà ní báńkì fún ọjọ́ 28 láìdín rárá. Bó bá dín lọ́jọ́ kan, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ kíkà. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó ń lọ ka másítà oníkíláàsì kò lè mú aya tàbí ọmọ dání mọ́.

Bí ẹ bá wọlé tán: ìwádìí

Ẹ gba ìwé àṣẹ ìwádìí láti ẹ̀ka yín kí ẹ tó lọ sábúlé. Bí ẹ bá dé, ẹ lọ kí baálẹ̀ kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí ẹ sì kí Séríkí àwọn Fúlàní lọ́jọ́ kan náà, kí ìkankan má bàa rò pé ẹ̀gbẹ́ kejì ló rán yín wá. Ẹ mú ògbufọ̀ dání, kó má jẹ́ ọmọ ẹni tó ń jà. Ẹ má gba ohùn ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìgbàṣẹ, ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ sọ fún ẹnìkejì, bó ti wù kó kéré tó.

Fún másítà, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún tó, pẹ̀lú ìjókòó àwùjọ méjì. Ọ̀pọ̀ máa ń ṣe ogójì, wọn ò wá ní àyè láti tẹ̀ ẹ́. Wákàtí kan ohùn á gbà yín ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti kọ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ kò tíì túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ní ẹ̀ka èdè Àkúrẹ́ tàbí ti Oǹdó. Ẹni tó ní "wọ́n jẹ oko mi" àti ẹni tó ní "wọ́n jẹ mí lóko" kò sọ ohun kan náà: ara rẹ̀ ni ẹnìkejì kà mọ́ ohun tí wọ́n jẹ. Bí ẹ bá yára túmọ̀ méjèèjì sí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan, ẹ ti sọ ohun tí ẹ wá nù.

Nígbà tí ẹ bá parí, ẹ kọ ojú ewé méjì nípa ohun tí ẹ rí ní Yorùbá, kí ẹnìkan bá yín túmọ̀ rẹ̀ sí Haúsá tàbí Fúlàní. Ẹ yọ orúkọ gbogbo èèyàn kúrò. Ẹ mú ẹ̀dà kan lọ fún baálẹ̀, ẹ mú ìkan lọ fún Séríkí, lọ́jọ́ kan náà.